Àníyàn ní Ayé Òde-Òní: Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún Ìjọ ní Ọ̀sẹ̀ Àjọ̀dún Ọgọ́rùn-ún Ọdún

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún kọ ìwé sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó mú kí àníyàn pọ̀ tó báyìí ní ayé òde-òní, ó kù díẹ̀ kí a kọ̀. Lójú wa, ọ̀rọ̀ náà kò bá ọ̀sẹ̀ ayọ̀ mu. Ta ni í gbé ẹkún lọ sí ilé ìyàwó? Ṣùgbọ́n bí a ti ń rò ó, a rántí àwọn tí ń dá wa dúró ní ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn. Ní ogún ọdún sẹ́yìn, ohun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn máa ń sọ ni pé, ẹ bá mi gbàdúrà, ara mi kò yá. Tàbí, ẹ bá mi gbàdúrà, ọmọ mi ń wá iṣẹ́. Nísinsìnyí, àti ọlọ́jà àti olùkọ́, àti ẹni tí ó ní àti ẹni tí kò ní, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà ní ẹnu wọn: ọkàn mi kò balẹ̀. Bí a bá sì béèrè pé kí ni ó dé, púpọ̀ nínú wọn a wo ilẹ̀, wọn a sì ní àwọn kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ yìí fúnra rẹ̀. Bí ìbànújẹ́ bá dé, Yorùbá a ní ọkàn bàjẹ́. Bí àníyàn bá dé, a ní ọkàn kò balẹ̀. Ó dà bí ẹyẹ tí ó rí ẹ̀ka igi ṣùgbọ́n tí kò gbẹ́kẹ̀ lé e, tí ó ń fò yí i ká títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀rù yàtọ̀ sí èyí. Ẹ̀rù ní ojú, a lè fi ìka hàn án. Ẹni tí ó pàdé ejò ní ọ̀nà oko mọ ohun tí ó bà á lẹ́rù, bí ó bá sì ti kọjá, ó ti kọjá. Àníyàn kò ní ojú. Ohun tí kò tíì dé, tí ó sì lè má dé rárá, ni ó fi ń jẹ ènìyàn.

Àwọn oníṣègùn ti ṣàlàyé bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Nígbà tí ewu bá yọ, ohun kékeré méjì tí ó jókòó sórí kíndìnrín wa a tú oje kan sínú ẹ̀jẹ̀. Lójú kan náà, àyà a bẹ̀rẹ̀ sí í lù, èémí a yára, ẹ̀jẹ̀ a sáré lọ sí apá àti ẹsẹ̀, oúnjẹ inú a sì dúró ní ibi tí ó wà. Ẹlẹ́dàá ni ó ṣe é bẹ́ẹ̀, kí a lè sá tàbí kí a lè jà. Ẹni tí ó sá fún ejò, nígbà tí ó bá dé ilé, yóò mu omi, yóò sọ ìtàn rẹ̀, wọn yóò kí i kú ewu, ara rẹ̀ yóò sì rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sórí àga tí ó ń retí ìwé láti ọ́fíìsì, kí ni yóò sá fún? Ta ni yóò bá jà? Ara rẹ̀ ti múra ìjà, ìjà kò sì dé. Ó dà bí ẹṣin tí a dì ní gàárì ní òwúrọ̀ tí a kò sì gùn títí di alẹ́. Láti ibẹ̀ ni àìsùn ti ń wá, àti inú tí kò gba oúnjẹ, àti àyà tí ń já láìsí ohun tí ó já a.

Ǹjẹ́ òtítọ́ ni pé ó pọ̀ ju ti ayé àtijọ́ lọ? Ẹ má ṣe jẹ́ kí a purọ́ mọ́ àwọn òkú pé ayé wọn rọrùn. Láti ọdún 1877 títí di 1893 ni ogun Kírìjí fi jà ní ilẹ̀ yìí, ẹni tí ó bá sì lọ sí oko ní àkókò náà kò mọ̀ bóyá òun yóò padà wá sí ilé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé tàbí wọn yóò mú òun lọ bí ẹrú. Ní 1918 ni àìsàn ọ̀fìnkìn ńlá ti ọkọ̀ òkun wọ Èkó, tí ó sì gba ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin wọ inú ilẹ̀. Àrùn ṣànpọ̀nná, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 1980 pé ó ti parẹ́ ní gbogbo ayé, bá wọn gbé láti ìran dé ìran. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀sùn tí a fi ń kan ayé òde-òní kì í ṣe tuntun. Ní 1881, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ George Beard tẹ ìwé kan jáde, nínú èyí tí ó ti sọ pé ayé ìgbà tirẹ̀ ti sọ iṣan àwọn ènìyàn ibẹ̀ di aláìlágbára. Ohun márùn-ún ni ó dá lẹ́bi: ẹ̀rọ alágbára ooru omi, ìwé ìròyìn, wáyà tẹligíráàfù, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, àti pé àwọn obìnrin ti ń lo ọpọlọ wọn. Ọ̀ràn karùn-ún yìí, a fi sílẹ̀ fún òun àti àwọn obìnrin ìlú rẹ̀ láti yanjú.

Ní ti òde-òní, a ní ìṣirò díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2019, mílíọ̀nù 301 ènìyàn ni àníyàn wọn ti kọjá ààlà tí ó sì ti di àìsàn. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí àrùn Kòrónà dé, àjọ kan náà sọ pé àìsàn àníyàn àti ti ìrẹ̀wẹ̀sì fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan pọ̀ sí i ní gbogbo ayé. Ẹ kò gbàgbé ọdún náà. Láti ọjọ́ 30 Oṣù Kẹta 2020 ni a ti sé Èkó mọ́, Ọjọ́ Àjíǹde sì dé láìsí ìró orin nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ka àníyàn àwọn baba ńlá wa, nítorí náà a kò lè gbé èyí àti tiwọn lórí òṣùwọ̀n kan. Ohun tí a lè sọ ni pé ó ti pa ojú dà.

Kí a tó lọ síwájú, ọ̀rọ̀ kan wà tí a ní láti sọ, kí àwọn ìyá ọlọ́jà má bàa rò pé àwa kò gbé ìlú yìí. A kò gbọdọ̀ pe ebi ní àníyàn. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 Oṣù Karùn-ún 2023, tí owó náírà sì ti jábọ́ láti oṣù tí ó tẹ̀lé e, ìyá tí ó dùbúlẹ̀ ní òru tí ó ń ka iye ìrẹsì àti owó ilé ìwé, kò ṣàìsàn. Ìṣirò ni ó ń ṣe, ìṣirò rẹ̀ sì péye. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ ìwàásù, owó ni ó ń fẹ́. Ṣùgbọ́n a rí àwọn tí owó wọn tó, tí ọmọ wọn ń ṣe dáadáa, tí ara wọn le, tí oorun sì ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Nípa ti àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ wa.

Ẹ wo agogo. Nínú èdè wa, agogo ni èyí tí ó wà ní ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí olùlù rẹ̀ ń lù ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi. Agogo náà sì ni èyí tí a so mọ́ ọrùn ọwọ́. Orúkọ kan ni wọ́n ń jẹ́, iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Kí ó tó di ìgbà náà, àkùkọ ni ó ń sọ àkókò, àti òjìji, àti ọjà ọrọọrún. Ìyálẹ̀ta kò ní ìṣẹ́jú nínú. Ẹni tí ó dé ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti ẹni tí ó dé ní òpin rẹ̀, àwọn méjèèjì dé ní ìyálẹ̀ta. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wa kọ́kọ́ mọ̀ pé ìṣẹ́jú márùn-ún lè mú kí ènìyàn pàdánù ọjọ́ kan. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń pe gbogbo wa pọ̀ sí ibì kan. Agogo ọwọ́ ń pe ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ sí ibi tirẹ̀, òun nìkan.

Ṣùgbọ́n a rò pé agogo kéré sí fóònù. Ní ayé àwọn baba wa, ẹni tí ó bá lọ sí ìdálẹ̀, ó ti lọ nìyẹn títí yóò fi dé. Ilé a súre fún un, wọn a fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́, wọn a sì gbé ọkọ́ wọn, ó di oko. Kì í ṣe pé ìfẹ́ wọn kéré. Kò sí ẹni tí wọn yóò bi ní ìbéèrè ni. Àìmọ̀ wọn di irọ̀rí fún wọn. Lẹ́yìn náà lẹ́tà dé, tẹligíráàfù sì dé, ṣùgbọ́n lẹ́tà a máa pẹ́, tẹligíráàfù sì jẹ́ ti ọ̀ràn ńlá. Láti Oṣù Kẹjọ 2001 tí fóònù alágbèéká ti wọ ilẹ̀ wa tí ó sì di ti tajá tẹran, kò sí ìdálẹ̀ mọ́. Ìyá kan nínú ìjọ yìí, tí ó gbà wá láàyè láti sọ ọ́, ní ọmọ tí ń ṣe iṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn ní Ìlú Òyìnbó. Bí ó bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, yóò máa wo àmì kékeré méjì tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, bóyá wọn yóò di aláwọ̀ búlúù. Bí wọn kò bá yí padà, inú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í dà rú. Ọmọ ń sùn ni, nítorí ó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ìyá a pè é lẹ́ẹ̀kan, a pè é lẹ́ẹ̀mejì, a pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ọmọ a ta jí, àyà rẹ̀ a já, a máa wí nínú ara rẹ̀ pé, kí ni ó ṣe Màmá mi? Báyìí ni ẹni méjì tí kò sí ohun tí ó ṣe wọ́n fi ń mú ara wọn ṣàìsùn láti òkun dé òkun.

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Fóònù ti sọ ìròyìn di àfojúbà. Ní Ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 Oṣù Kẹfà 2022, nígbà tí àwọn apànìyàn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Fransisi Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, tí wọ́n sì pa àwọn olùjọ́sìn, kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀ ni àwọn ará wa ti ń wo àwòrán rẹ̀ nínú ilé wọn. Ó yẹ kí a mọ̀, ó sì yẹ kí a sunkún. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, kí ni ọwọ́ wa lè ṣe ní alẹ́ ọjọ́ náà? Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni ogun ilẹ̀ Yukréìnì wà nínú fóònù, àti àjínigbé ojú ọ̀nà márosẹ̀, àti àìsàn ọmọ ẹnì kan tí a kò rí rí. Etí wa ti gùn dé òpin ayé. Ọwọ́ wa kò gùn ju ti baba wa lọ. Lójú tiwa, ní àárín etí àti ọwọ́ yìí gan-an ni àníyàn kọ́ ilé rẹ̀ sí. Ara gbọ́ ewu, ó di gàárì, kò sì sí ibi tí yóò sáré lọ.

Èkejì ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń ru ẹrù tí agbo ilé máa ń rù. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà ọmọ ilẹ̀ Kánádà kan, Raymond Prince, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Àró ní Abẹ́òkúta. Ní 1960 ó kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wá bá a. Wọ́n ní orí ń gbóná àwọn, pé ó dà bí ẹni pé nǹkan ń rìn níbẹ̀. Pé bí àwọn bá ṣí ìwé, ojú a ṣú, ohun tí àwọn kà kì í sì dúró lọ́kàn. Àwọn fúnra wọn pè é ní àárẹ̀ ọpọlọ, wọ́n sì rò pé ìwé kíkà ni ó fà á. Prince wo ibi mìíràn. Ó rò pé ẹ̀kọ́ tí ó fi ọmọ nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀ ń bá ayé ìbátan tí ọmọ náà ti wá jà. Àwọn dókítà tí ó tẹ̀lé e ti jiyàn lórí rẹ̀. Àwọn mìíràn ní àníyàn lásán ni, tí ó wọ aṣọ mìíràn.

Àwa tí a lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìgbà náà kò nílò kí dókítà sọ fún wa. Kòkó baba ni a tà. Èésú ìyá ni a kó. Arákùnrin baba fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dógò. Ní òwúrọ̀ tí a ó lọ, gbogbo agbo ilé jáde, wọ́n sì ní, má jẹ́ kí ojú tì wá o. Wọ́n fi ìfẹ́ sọ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹrù ogún ènìyàn ni wọ́n gbé lé orí ọmọ ọdún mẹ́tàlá, inú yàrá ìdánwò ni yóò sì ti rù ú, níbi tí ó ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Láti 1978 ni a ti dá JAMB sílẹ̀, ní ọdọọdún nísinsìnyí àwọn tí ń jókòó fún ìdánwò rẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ, àyè tí ó wà ní yunifásítì kò sì tó wọn. Orí fóònù ni èsì ti ń dé, ọmọ a sì máa kà á lóun nìkan nínú yàrá kí ó tó mọ bí yóò ti sọ fún ìyá rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé a ń yin agbo ilé ju bí ó ti yẹ lọ. Bí àáró àti ọ̀wẹ̀ ti wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orogún wà níbẹ̀, àti ìfura, àti obìnrin tí kò rí ọmọ bí tí gbogbo ojú sì ń wo ikùn rẹ̀. Agbo ilé a máa bá ni gbé ẹrù, a sì máa di ẹrù ru ni. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, mọ apá méjèèjì. Láti 1954 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àró tí gbogbo ayé wá wò: kò ti àwọn aláìsàn mọ́ inú ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé ìtòsí, ìbátan kọ̀ọ̀kan sì bá wọn wá láti máa se oúnjẹ fún wọn. Ní ọ̀sán wọn a gba ìtọ́jú. Ní ìrọ̀lẹ́ wọn a jókòó láàrin ènìyàn. Síbẹ̀, nígbà tí òun àti Alexander Leighton pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwé ìwádìí wọn jáde ní 1963, tí wọ́n ti yí àwọn abúlé agbègbè Abẹ́òkúta ká, wọ́n sọ gbangba pé àwọn bá àmì àìsàn ọkàn níbẹ̀ pẹ̀lú. Abúlé kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àníyàn. Ohun tí Lambo rí nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ń ṣàìsàn kò dá wà.

Ó kù ọ̀rọ̀ kan, ó sì ṣòro fún wa láti sọ ọ́. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró dè wá ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní bí òru bá ti dé, àyà òun a máa lù bí ẹni pé òun yóò kú. Pé òun ti lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì ní kò sí ohun tí ó ṣe ọkàn òun. A dá a lóhùn pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni ó kéré. A ní kí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Lẹ́yìn èyí, ó lé ní ọdún kan tí kò sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kankan, nítorí a ti fi àníyàn tuntun kún ti àtijọ́ fún un: ó ti wá rò pé Ọlọ́run pàápàá ti kọ òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ó mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà tí ń tọ́jú ọkàn. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n sì bá a sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ó sì yá.

Nígbà tí ó wá kí wa, a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dárí jì wá, a sì bi í léèrè pé kí ni ìbá ti dára kí a ṣe ní ọjọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, Bàbá, ẹ kò jókòó. Òtítọ́ ni. Ìpàdé kan ń dúró dè wá ní agogo mẹ́rin, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ wa, a sì wo agogo ọwọ́ wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ bí ó ti ń sọ̀rọ̀.

Nítorí náà ni a fi bẹ ìgbìmọ̀ ìjọ, wọ́n sì ti gbà, pé láti Ọjọ́rú tí ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́, àga yóò wà lábẹ́ igi máńgòrò tí ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnikẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lè wá jókòó, ìbáà ṣe ọmọ ìjọ tàbí àlejò, kì í sì í ṣe dandan kí ó sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì kan láàrin wa yóò wà níbẹ̀, tí yóò sọ fún ẹni tí ó bá yẹ kí ó lọ rí dókítà. A kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ kan yóò wà ní ẹ̀bá igi náà tí a ó máa kó fóònù sí, tiwa ni yóò sì kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Àga tí a ní kò tíì ju mẹ́fà lọ. Ẹni tí ó bá ní àpótí ní ilé, kí ó jọ̀wọ́ bá wa gbé e wá.